Ọfà Tó Bá Ọrun Rẹ̀ Mu

     

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọrun àti ọfà la gbé wá. Ọrun onígi ni mo ń wí o, èyí tí kò ní ẹ̀rọ kankan lára. Igi, ọsán, àti apá ẹni tó ń fà á. Ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ dúró dáadáa. Ẹ fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ tẹjú mọ́ àmì. Ẹ tú ọsán sílẹ̀. Ọfà jáde, ó yà sósì. Ẹ tún ta òmíràn, ó tún yà sósì. Ta lẹ máa dá lẹ́bi?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á dá ojú lẹ́bi. Àwọn mìíràn á dá ọwọ́ lẹ́bi. Àwọn mìíràn á ní ọrun yẹn ni kò dáa, wọ́n á wá èyí tó le jù ú lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Ẹ mú ọfà náà dání, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò pọ̀: ọfà gbọ́dọ̀ bá ọrun tó ń ta á mu. Ọfà tó ń lọ tààrà lórí ọrun tèmi lè máa ya kiri lórí ọrun tiyín. Kò sí ọfà tó bá gbogbo ọrun mu.

Kí ló fà á?

Ẹ wo ọrun onígi dáadáa. Ọsán rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn. Ṣùgbọ́n ṣé ọfà lè la àárín igi kọjá? Kò lè ṣeé ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń fa ọsán, ẹ̀gbẹ́ òsì ọrun ni ọfà máa fara tì. Bẹ́ ẹ bá wá tú ọsán sílẹ̀, àárín ni ọsán ń sáré lọ, ẹ̀gbẹ́ sì ni ọfà wà. Ẹnu ọfà ti kọjú sósì díẹ̀ kó tó gbéra. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, gbogbo ọfà ló yẹ kó máa ya sósì. Síbẹ̀ tafàtafà ń ta á, ó ń bà. Báwo?

Ọfà ń tẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọfà tẹ́ ẹ rí pé ó gún gbọọrọ nínú apó, tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ó ń tẹ̀. Ọsán ti ìdí rẹ̀ lójijì. Ẹnu rẹ̀ wúwo, kò tíì fẹ́ kúrò lójú kan. Kí ni àárín igi fẹ́ ṣe? Àfi kó tẹ̀. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ sí ìhà igi ọrun. Ó fi ara ti igi ọrun, ó ta padà, ó tẹ̀ sí ìhà kejì. Bí ìdí ọfà bá fi máa dé ibi tí ọwọ́ yín ti di ọrun mú, ara ọfà ti tẹ̀ débi tí ìdí yẹn á fi kọjá láìkan igi rárá. Lẹ́yìn náà, á ṣì máa tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún nínú afẹ́fẹ́, bí ẹja ṣe ń wẹ̀ lọ nínú omi, títí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ á fi mú un dúró.

Ojú lásán kò lè rí i. Ó ti yá jù. Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Hickman, tó fẹ́ràn ọfà títa gan-an, gbé kámẹ́rà tó ń yára ya àwòrán kọjú sí ọrun. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Igi tẹ̀, ó yí igi ọrun kọjá, ó sì forí lé àmì.

Ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí igi ọfà bá le jù fún ọrun yín, kò ní tẹ̀ tó. Á fi ìdí gbá igi ọrun, á yà sósì. Bó bá rọ̀ jù, á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á yà sọ́tùn-ún. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà: tiyín, èyí tó le jù á yà sọ́tùn-ún, èyí tó rọ̀ jù á yà sósì. Ọrun tó lágbára ń fẹ́ igi tó le. Ọrun ọmọdé ń fẹ́ igi tó rọ̀. Ẹ má ṣe gba ọfà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kẹ́ ẹ sì máa retí pé á ṣe lọ́wọ́ yín bó ṣe ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ọfà là ń sọ. A ní ọfà ń tẹ̀ nígbà tó bá ń jáde lára ọrun. A ní bó ṣe ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá agbára ọrun mu.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún yín. Ishi ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ẹ̀yà Yahi ni, àwọn tó ni ilẹ̀ apá àríwá California kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Wọ́n pa àwọn èèyàn rẹ̀ run. Òun nìkan ló kù. Ní ọdún 1911, ó jáde wá sí ìtòsí ìlú Oroville, ebi sì ti hàn án léèmọ̀. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì California ní San Francisco, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi pa á ní 1916. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Saxton Pope, di ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ishi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọrun. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọfà. Pope kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó jáde ní 1923, ìwé yẹn sì ni ọ̀pọ̀ tafàtafà ṣì ń kà di òní.

Kí ni Pope rí? Ó rí i pé Ishi á bó èèpo ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, á jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Á wá jókòó ti ẹyin iná. Ẹ̀ka wo ló máa ń gún látinú igbó? Gbogbo wọn ló ń wọ́. Á gbé ibi tó wọ́ sún mọ́ ẹyin iná, kò ní jẹ́ kó jó. Bó bá ti gbóná, á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àtàǹpàkò ọwọ́. Á dì í mú títí á fi tutù. Á gbé e sójú, á wo ara igi náà láti ìdí dé ẹnu. Ó kù díẹ̀. Á tún gbé e sún mọ́ iná. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ rò ó wò ná. Ọkùnrin tí wọ́n ti gba gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́ rẹ̀ ló fara balẹ̀ tó báyìí fún ẹ̀ka igi kan. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọfà àtijọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa ni kò ní ìyẹ́ nídìí rárá? Wọ́n wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ lè lọ wò wọ́n. Igi fúyẹ́, esùsú ni púpọ̀ nínú wọn. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ló wà lẹ́nu wọn. Ọfà tí kò ní ìyẹ́ kò rí ẹni gbà á sílẹ̀. Bó bá yà, ó yà nìyẹn. Irin tó wúwo níwájú ló ń kó o jọ, igi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ọrun mu gan-an. Ẹni tó ń ta irú ọfà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú yẹpẹrẹ wo igi.

Bẹ́ ẹ bá sì gbọ́ ìtàn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxóssi, ọba Kétu, ẹ ó gbọ́ nípa ọdẹ tó ní ọfà kan ṣoṣo. Ẹyẹ burúkú bà sórí ààfin. Àwọn tí ọfà kún apó wọn ta á tì. Ọlọ́fà kan ṣoṣo ló mú un balẹ̀. Bó bá jẹ́ ọfà kan ṣoṣo lẹ ní, ṣé ẹ ò ní mọ gbogbo ara rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn?

Ó dáa. Báwo la ṣe ń tún un ṣe kó lè máa lọ tààrà?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọsán. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Kó tó já, ó ti ń nà. Bó bá nà, àlàfo tó wà láàárín ọsán àti ibi ìdìmú á dín kù, ọfà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò ṣe lánàá. Àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń fi ìkúùkù wọ̀n ọ́n: wọ́n á fi ìkúùkù lélẹ̀ lórí ibi ìdìmú, wọ́n á na àtàǹpàkò sókè, ó gbọ́dọ̀ kan ọsán. Ẹ wá ìwọ̀n tó bá ọrun yín lára, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó yẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán ọfà wò. Bó bá ń yẹ̀, ẹ kò ní mọ ohun tó ń bá yín jà.

Ẹ wá àpò kan tẹ́ ẹ máa ta ọfà sí. Ẹ rọ àkísà kún un, kó le dáadáa. Ẹ wá ọfà mẹ́ta tó níyẹ̀ẹ́. Ẹ wá ẹ̀kẹrin tí igi rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti irin ẹnu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi ìyẹ́ sí i. Ìhòòhò ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ìyẹ́ máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ọfà ìhòòhò kò lè purọ́.

Ẹ dúró nítòsí, nǹkan bí ìṣísẹ̀ 10. Ẹ ta àwọn tó níyẹ̀ẹ́. Ẹ ta èyí tó wà níhòòhò. Ẹ wo ibi tó bà. Ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣèdájọ́ o, torí ọwọ́ lè ṣì í. Ẹ ta á, kẹ́ ẹ tún un ta, títí á fi máa sọ ohun kan náà.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ọfà ìhòòhò bá ń bà nísàlẹ̀ àwọn yòókù, ibi tẹ́ ẹ ti ń fi ìdí ọfà kọ́ ọsán ti ga jù. Ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń bà lókè wọn, ó ti wálẹ̀ jù. Ẹ gbé e sókè. Ẹ fi òwú we ibẹ̀ lára ọsán, kó lè jẹ́ pé ojú kan náà ni ìdí ọfà á máa jókòó sí nígbà gbogbo. Ẹni tí kò bá sàmì sí ọsán kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá ti yanjú, ẹ wá wo òsì àti ọ̀tún. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mò ń bá wí o.

Bí ọfà ìhòòhò bá ń bà ní òsì àwọn yòókù, igi rẹ̀ le jù. Kí lẹ lè ṣe? Ẹ fi irin tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnu bá ṣe ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni igi á ṣe máa tẹ̀ sí i. Bí ẹ kò bá sì rí irin mìíràn, ẹ mú sáńdìpépà. Ẹ fi ká ara igi náà láàárín. Ẹ máa yí igi náà lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, kí gbogbo ara rẹ̀ lè jẹ dọ́gba. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun igi á máa dà sí yín lẹ́sẹ̀, igi á máa gbóná díẹ̀ lábẹ́ ìka. Ẹ dúró. Ẹ nù ún. Ẹ tún un ta. Ó ti kúrò lósì díẹ̀ àbí kò kúrò? Ẹ padà sídìí sáńdìpépà. Díẹ̀díẹ̀ ni o! Igi tẹ́ ẹ ti họ kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fẹ́ kánjú níbí. Ẹ má kánjú.

Bó bá ń bà ní ọ̀tún wọn ńkọ́? Igi rọ̀ jù nìyẹn. Ẹ fi irin tó fúyẹ́ sẹ́nu rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ gé e kúrú díẹ̀ láti iwájú, torí igi kúkúrú le ju igi gígùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ kọ́kọ́ fa ọsán dé ibi tẹ́ ẹ ti máa ń fà á dé, kí ẹnìkan bá yín sàmì sí ibi tí ọfà dé níwájú ọrun. Ẹ má ṣe gé e kọjá àmì yẹn láéláé. Ọfà tó kúrú jù lè já bọ́ sẹ́yìn igi ọrun nígbà tẹ́ ẹ bá fà á, kó sì wọ inú ọwọ́ tẹ́ ẹ fi di ọrun mú. Bí igi náà bá rọ̀ jù débi pé gígé díẹ̀ kò ràn án, ẹ fún ọmọ tí ọrun rẹ̀ kò le tó tiyín. Á wúlò fún un.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín, ọfà tí kò ní ìyẹ́ là ń fi dán igi wò. Ó yà sósì fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún? Ó le jù. Ó yà sọ́tùn-ún? Ó rọ̀ jù. À ń tún igi ṣe títí á fi bá ọrun mu.

Ìgbà wo lẹ máa mọ̀ pé ó ti tó? Ìgbà tí ọfà ìhòòhò bá ń bà sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un dán wò, torí ọ̀nà jíjìn máa ń tú àṣírí tí ìtòsí bò mọ́lẹ̀. Ẹ ó sì fetí gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ọfà tó bá ọrun mu kì í gbá igi ọrun gbàù bó bá ń jáde. Ó máa ń pa rọ́rọ́.

Ó kan ìyẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ọfà wọn bá ń mì, wọ́n á fi ìyẹ́ ńlá sí i. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìyẹ́ ńlá á mú un dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n á fà á sẹ́yìn, á gba agbára rẹ̀. Ẹ tún igi ṣe ná. Lẹ́yìn náà, ìyẹ́ kékeré á tó o. Ìyẹ́ tòlótòló dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé apá kan náà ni gbogbo ìyẹ́ tó wà lára ọfà kan ti wá. Ìyẹ́ apá ọ̀tún ẹyẹ tẹ̀ síbì kan, ti apá òsì tẹ̀ síbòmíràn. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ọ̀kan á fẹ́ yí ọfà síhìn-ín, èkejì á fẹ́ yí i sọ́hùn-ún.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti rí ọfà kan tó ṣe gẹ́gẹ́, báwo lẹ ṣe máa ṣe àwọn yòókù kí wọ́n rí bí i tirẹ̀? Ẹ kan ìṣó méjì mọ́ pákó, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀. Ẹ gbé igi tó dára yẹn lé wọn. Ẹ so nǹkan tó wúwo mọ́ àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì sí ibi tó tẹ̀ dé. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ máa so mọ́ igi yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tẹ̀ kọjá àmì ti rọ̀ jù. Èyí tí kò dé ibẹ̀ ṣì le, ẹ mú sáńdìpépà. Ọmọ ọdún méwàá lè ṣe é, ó sì dùn ún ṣe.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọfà lé ọsán, ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sétí. Bó bá ń ké wẹ́rẹ́, ó ti sán nínú. Ẹ ṣẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín tó. Igi tó sán lè fọ́ lójú ọsán, kó gún ọwọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́yìn àpò tẹ́ ẹ ń ta. Ẹ má sì ta ọfà sókè. Ẹ mọ òwe ẹni tó ta ọfà sókè tó yídó borí. Ẹ̀yin ò ní odó lórí pápá.

Ibi tí àsìkò gbà wá dé nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá dán ọfà ìhòòhò wò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ pè wá kẹ́ ẹ sọ ibi tó bà fún wa, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì lẹ fi ń fa ọsán, torí láìsí ìyẹn a ò ní lè dá yín lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọsán fúnra rẹ̀ la máa sọ: ohun tí wọ́n fi ń lọ́ ọ, àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀.